Bí Bowie bá lè wọ ìwé ìtàn Spain, kí ló ń dí fújì lọ́nà nínú tiwa?

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orin àti ìwé díẹ̀. Ní 1993, ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ará Spain kan, Ray Loriga, gbé ìtàn kan jáde, ó pè é ní Héroes. Ọ̀dọ̀ orin David Bowie ló ti mú orúkọ yẹn. Ọmọkùnrin inú ẹ̀ ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá, orin rọ́ọ̀kì ló fi ń ronú.

2/ Ní 1994, José Ángel Mañas gbé Historias del Kronen dé: ọ̀dọ́ Madrid, ilé ọtí, oògùn olóró, orin òyìnbó. Àwọn kan bínú pé kò jinlẹ̀. Ẹ má gbàgbé o, èdè Spain ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Orin àjèjì ò gba èdè lẹ́nu wọn.

3/ Àwa ńkọ́? Rọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ wa náà. BLO lù ú l'Ékòó láàárín àwọn ọdún 1970. Paul McCartney wá gba púpọ̀ nínú orin Band on the Run sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1973. Ìtàn tó gbé irú orin yẹn sórí ni GraceLand ti Chris Abani (2004): ọmọ Maroko kan tó ń jẹ́ Elvis ń sín Elvis Presley jẹ fún àwọn òyìnbó létíkun, kó lè rí owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

4/ Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: ní 1981, Brian Eno àti David Byrne pe àwo wọn ní My Life in the Bush of Ghosts. Orúkọ ìwé Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta ni, tó jáde ní 1954. Byrne sọ pé àwọn ò tíì kà á nígbà yẹn! Àwọn tí ò kà wá fi ìwé wa ṣe orin. Àwa tá à ń gbọ́ orin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí la fi ń ṣe?

5/ Ẹ dé gáréèjì Ṣakí tàbí ọjà Ìsẹ́yìn: fújì lára spíkà, orin ìgboro lórí fóònù ọlọ́kadà, wáàsí lápá kan, orin ìjọ lápá kejì. Ẹ wá ṣí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n fún wa kà níléèwé: orin àlọ́, oríkì, ìjálá. Wọ́n dùn, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ etí ọmọ Ṣakí òní dà níbẹ̀?

6/ Ẹnì kan á ní àṣà ló máa bàjẹ́. Ẹ bi àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Àlàárì tá à ń fi yangàn yẹn, sílíkì tó gba aṣálẹ̀ Sahara wá láti Àríwá Áfíríkà ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́. Ta ló jẹ́ sọ pé kì í ṣe aṣọ Yorùbá? Òfì ló sọ òwú àjèjì di tiwa.

7/ Ìwé náà ti ṣe é rí. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tó gbòde l'ókè òkun, ó fi kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Yorùbá ẹnu Lápàdé ṣì ń ta sánsán títí dòní.

8/ Mi ò ní kẹ́ ẹ kàn máa to orúkọ Pasuma àti Asake sínú ìtàn o. Ẹ wo ọwọ́ tí olórin fújì fi ń ṣe é: á dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, á ki ẹnì kan, á bú ẹnì kan lábẹ́nú, á tún padà sórí ọ̀rọ̀. Orí ìwé kan lè rìn bẹ́ẹ̀. Gángan lè máa fèsì lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú ìtàn.

9/ Bá ò bá ṣe é, ọmọ Òkè-Ògùn tó bá fẹ́ kọ ayé ara ẹ̀ á sá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá á wá ku fún ìdánwò nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn sórí WhatsApp, èdè tẹ́ ẹ fi ń kọrin, ẹ fi kọ̀wé.

10/ Ó yá, orin wo ló máa dún ní orí kìíní ìwé tiyín?