Ẹ Yẹ Àjà Ẹnu Ọmọ Wò Kí Ìyá Tó Lọ Sílé

Ẹ̀yin ará Kakuri, Tudun Wada, Sabon Tasha àti gbogbo Yorùbá Kaduna,

Ọmọ ọjọ́ kẹsàn-án ni mo bá nílẹ̀. Àná ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ètè rẹ̀ pé, imú rẹ̀ gún, ṣùgbọ́n bó bá ti mu ọmú díẹ̀, yóò sín, wàrà yóò sì máa gba ihò imú rẹ̀ jáde. Ó ti rù débi pé awọ itan rẹ̀ ń ká jọ bí ìbọ̀sẹ̀ àgbà lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ìyá ọkọ ní wàrà ìyàwó ló korò. Wọ́n fún un sínú àwo, wọ́n ju èèrà sí i, wọ́n ní èèrà kú. (Èèrà wo ni kì í kú sómi?) Nọ́ọ̀sì kan tó wá kí wọn ló tan iná fóònù sí ọmọ náà lẹ́nu: àjà ẹnu rẹ̀ là láti àárín dé ọ̀fun. Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n bí i sí o. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n di ìwọ́ rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó la ẹnu rẹ̀ wò.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: kí òfin de gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ti ìjọba àti ti aládàáni, láti yẹ àjà ẹnu ọmọ wò kí ìyá tó lọ sílé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú káàdì.

Ẹni tó ń wá ẹlẹ́bi, kó gbọ́ bí ojú ọmọ ṣe ń di ojú. Apá méjì ni àjà ẹnu fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, wọ́n á gbéra sókè, wọ́n á pàdé láàárín. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún, iṣẹ́ ti parí. Lára àwọn jíìnì tó ń darí wọn ni MSX1, ti ìdílé homeobox tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí lára eṣinṣin. Bíi fóòmaàn àwọn bíríkìlà ni àwọn jíìnì ìdílé yìí: wọn kì í ru búlọ́ọ̀kù, àwọn ló ń sọ ibi tí ògiri yóò dé. Ní 1994, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà mú MSX1 kúrò lára èkúté. Àjà ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ là, eyín wọn kò sì dàgbà. Ní 2000, àwọn onímọ̀ mìíràn rí ìdílé kan ní Netherlands tí jíìnì yìí kan náà bàjẹ́ lára wọn: eyín wọn ò pé, ètè tàbí àjà ẹnu àwọn kan sì là. MSX1 nìkan kọ́. Díẹ̀ ni tirẹ̀. Ní 2019, Azeez Butali, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Iowa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ará Nàìjíríà, Ghana àti Ethiopia. Wọ́n rí ibi tuntun tí ewu àjà ẹnu lílà fara pamọ́ sí nínú àbùdá. Níbo ni wàrà tí wọ́n ní ó korò fẹ́ gbà wọ ibẹ̀?

Àwọn tí kò fẹ́ òfin yìí á ní nọ́ọ̀sì ò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wanzami, onígbàjámọ̀ àwọn Hausa, ń la ẹnu ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ láti gé bèlúbèlú, ẹran kékeré tó so rọ̀ lẹ́yìn àjà ẹnu. Èmi ò fara mọ́ gígé yẹn rárá. Àmọ́ ó ń dùn mí pé abẹ wanzami ń dé ibi tí tọ́ọ̀ṣì ilé ìwòsàn kò dé.

Bí a bá tètè rí àjà ẹnu tó là, a ó kọ́ ìyá láti gbé ọmọ náà ró, kó fún wàrà sínú ife, kó máa fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Àjọ aláàánú Smile Train ń sanwó iṣẹ́ abẹ rẹ̀ láwọn ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá rán an kí ọmọ tó pé ọdún kan àbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sábà máa ń já gaara. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ti hàn lára rẹ̀ kò ṣeé gbé sábẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ má dúró de òfin. Ìka nìkan kò tó, ó máa ń fo ẹ̀yìn àjà ẹnu. Ẹ tẹ ahọ́n sílẹ̀, ẹ tan iná, títí ẹ ó fi rí bèlúbèlú.