Ẹ Má Pe Èrú Ní Ìrànlọ́wọ́

Bí ẹ bá wọ ọjà Ìkòtún, tí ẹ rí i pé ẹni tó ń ta gàrí ti tẹ ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú, ẹ kò ní wá orúkọ tó dára fún un. Èrú ni. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò WAEC bá dé, orúkọ á yí padà. Ìdáhùn tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ á di "ẹ́kíspò." Owó tí òbí san kí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò lè gbójú kúrò á di "ìrànlọ́wọ́." Mo lòdì sí àwọn orúkọ wọ̀nyí.

Àwọn ará Jámánì ń pe àìṣòótọ́ ní Unehrlichkeit. "Un" dúró fún "àì" tiwa. "Ehre" tó wà nínú rẹ̀ sì ni iyì. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ohun tí oníbàjẹ́ ń pàdánù. Tiwa náà kò kéré. Ojóóró ni ti ẹni tó ń rẹ́ni jẹ nínú ayò. Jìbìtì ni ti ẹni tó gba owó olówó. Àbòsí ni ti ẹni tí inú rẹ̀ kò bá ojú rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Lílò rẹ̀ la kò fẹ́.

Àwọn òbí kan á ní: "Gbogbo ayé ló ń ṣe é, ṣé ọmọ tèmi nìkan ni kó fìdí rẹmi?" Òótọ́ ni pé kíláàsì kún, olùkọ́ kò sì tó. Ṣùgbọ́n ta ni èrú yìí ń rẹ́ jẹ? Ọmọ tó fi iná àtùpà kàwé ni, nítorí ipò kan náà ní yunifásítì ni àwọn méjèèjì ń dù. WAEC máa ń fagi lé irú èsì bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1999 sì kà á sí ọ̀ràn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Kò sí òfin tó ń rán ènìyàn lẹ́wọ̀n nítorí ìrànlọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Wọn kò fi yin ẹni tó ra èké o. Àwa oníbàárà ni wọ́n ń bá wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, nígbà tí wọ́n bá tún wá gba owó "ìrànlọ́wọ́," ẹ bi wọ́n léèrè ní gbangba pé: "Ṣé owó èrú lẹ wá gbà?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn.