Ta ló buwọ́ lùwé pé sáfà Èkó ti ṣetán?

Orí kó àwọn ọmọ wa ní Adó-Èkìtì yọ nínú ìdánwò JAMB ọdún 2025. Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò ni wàhálà yẹn já lé lórí: ọmọ 379,997, ibùdó ìdánwò 157. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn.

Kí ló fà á? JAMB ṣe àtúnṣe sí ètò tó ń po ìbéèrè pọ̀ tó sì ń máàkì. Wọ́n gbé àtúnṣe náà sórí àwọn sáfà apá Kàdúná. Wọn ò gbé e sórí èyí tó ń gba ìdáhùn Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Kò sẹ́ni tó rí i títí èsì fi jáde.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kódà tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì tuntun sórí sáfà, iṣẹ́ ò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ètò ti ka ti àtijọ́ sórí látìgbà tí wọ́n ti tàn án. Àfi kẹ́ ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ata tuntun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ò kan ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná. Tí sáfà bá sì jẹ́ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ máa ṣe é, kẹ́ ẹ tún dán ìkọ̀ọ̀kan wò.

Òfin lèmi kà, ìbéèrè tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló buwọ́ lùwé? Oloyede ní òun gba ẹ̀bi náà, ó ṣe bí àgbà, ìyẹn ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹkún ọ̀gá kọ́ ló ń tún sáfà tàn.

Ìyẹn ni mo ṣe kọjú sí Adó. Owó orí, owó iléèwé, fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ ń lọ báyìí. Kí ìjọba Èkìtì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo agbaṣẹ́ṣe: orúkọ ẹni tó dá sáfà dúró, aago tó tún un tàn, àti ẹni kejì tó dán an wò kí aráàlú tó wọlé. Tí orúkọ yẹn ò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n má sanwó. Kí wọ́n má sì ṣe é lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù ń parí o, ẹ jọ̀ọ́! Kí wọ́n kéde ẹ̀ ṣáájú, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìyìn tàbí Ìgèdè má baà sanwó ọkọ̀ wá sí káfẹ́ ní Adó lásán.