Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí A Ń Ka Ìwé Lórí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé ìwé kíkà lórí kọ̀ǹpútà lè mú ewu lọ́wọ́.

Láti Ìkìrun dé Ìníṣà títí dé Òkukù, ìwé ti kúrò ní ti orí pépà nìkan. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà, tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Lónìí, orí WhatsApp ni àwọn ọmọ ti ń pín PDF ìwé lítíréṣọ̀ fún ara wọn. Fíláàṣì kan náà ni ó sì ń ti ọwọ́ olùkọ́ dé ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tí a ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò.

Fáìlì kò lè dá ka ara rẹ̀. Ètò kan ni ó ń ṣí i fún wa, ìbáà ṣe Adobe Reader, Microsoft Word tàbí WPS Office. Bí àléébù bá wà lára ètò náà, oníṣẹ́ ibi lè ṣe fáìlì tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Irinṣẹ́ kan wà nínú Microsoft Office tẹ́lẹ̀ tí a fi ń kọ ìṣirò; ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é. Kì í wo bí orúkọ irú lẹ́tà tí ó wà nínú fáìlì ti gùn tó kí ó tó gbà á sí àyè tí ó ní. Ó dà bí ìgbà tí a da omi korobá sínú ife: omi kún àkúnwọ́sílẹ̀, èyí tí ó ṣàn kọjá ààlà sì di àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni Microsoft tó dí ihò náà. Ọdún 17 ni ògiri fi lanu!

Àwọn kan yóò wí pé, "Ta ni yóò wá wa dé ibí?" Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìlú ẹni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, INTERPOL kéde pé wọ́n mú ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta ní Èkó lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ímeèlì tan ètò aṣebi kálẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni wọ́n ní àwọn wọ̀nyí dójú lé.

Kí ni a ó pàdánù? Orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wa ni, pẹ̀lú èsì ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni oríkì orílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Bí fáìlì bá run lẹ́yìn tí ẹni tí ó kì í ti papò dà, ta ni yóò tún un kì?

N kò sọ pé kí a pa PDF tì o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọrùn àwa àgbà ni ẹrù yìí wà, kì í ṣe ọrùn ọmọdé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Office 2010 dúró. Ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó ń gbé inú ilé tí a kì í rẹ́ mọ́. Òótọ́ ni pé dátà wọ́n, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ lè ra ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún àtúnṣe. Bí Word bá ta ọ̀já aláwọ̀ ìyeyè sókè fáìlì, ìkìlọ̀ ni. Ẹ kà á láìtẹ "Enable Editing". Kí ẹ̀dà iṣẹ́ pàtàkì sì wà níbòmíràn tí kò so mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìpàdé yín tí ń bọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi olùkọ́ yín léèrè ìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe kọ̀ǹpútà yín kẹ́yìn.