Fírígò Ńlá Kọ́ Ni Fírígò Rere

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń ta ọjà àlòkù òyìnbó, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé fírígò tòkunbọ̀ lágbára ju tuntun lọ, ẹ bi í léèrè: ta ni yóò máa san owó kúràn rẹ̀?

Obìnrin kan wà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa tó ń ta omi tútù àti yìnyín. Ó ra fírígò kan ní Kútọnu, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ní òun kò rí èrè. A fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìṣirò. Mo ní kó pa gbogbo nǹkan tó kù, kó kọ nọ́ńbà ojú àpótí tó ń ka kúràn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó tún kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. A yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, ó ku 4. Kílówáàtì-wákàtí mẹ́rin lójúmọ́! Aládùúgbò rẹ̀ tó ní fírígò kékeré tuntun ṣe bẹ́ẹ̀ náà, tirẹ̀ kò pé 1. Obìnrin náà wo ìwé, ó wò mí, ó ní: "Tísà, àṣé SBEE ni mò ń ṣiṣẹ́ fún." N kò rí èsì fọ̀ ọ́.

Lóòótọ́, fírígò kékeré kò gba omi tó ti ńlá. Ṣùgbọ́n ńlá yẹn kò fi ìlọ́po mẹ́rin ju kékeré lọ. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó, òtútù ń jáde, mọ́tò rẹ̀ kò sinmi tọ̀sán tòru. Àwọn òyìnbó tó lò ó tẹ́lẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e síta.

Àwọn ará Ghana ti jìyà irú èyí. Wọ́n ṣe òfin lórí fírígò àlòkù ní 2008, wọ́n sì dí ẹnu ibodè mọ́ ọn láti oṣù kìíní 2013. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé fírígò ilé wọn ń jẹ ju 1,000 kílówáàtì-wákàtí lọ lọ́dún. Wọn kò kàn ṣe òfin lásán: ẹni tó gbé ògbólógbòó rẹ̀ wá nígbà náà, wọ́n dín owó tuntun kù fún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló ń dí àwa lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀? Àṣẹ tí ìjọba wa pa ní 2018 sọ̀rọ̀ lórí anpúlù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ó dára. Fírígò àlòkù ńkọ́?

Ó yà mí lẹ́nu pé ní Pọ́bẹ̀ ni a ti ń jiyàn lórí èyí. Láti 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pẹ àtijọ́, eyín rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, epo rẹ̀ kéré. Èyí tí wọ́n fún wa, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ìyálé tó ń fún epo tó tún máa fi títóbi eyín tan ara rẹ̀ jẹ. Kí ló wá dé tí a fi ń wo bí ẹ̀rọ ṣe wúwo tó kí a tó rà á?

Anpúlù náà ńkọ́? Ti àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, bí ó bá tàn fún wákàtí 5 lálaalẹ́, yóò jẹ 9 lóṣù. LED oníwáàtì 9 tó ń mọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀ yóò jẹ díẹ̀ lé ní 1. Ẹ̀yin tó dàgbà, ẹ rántí 1998, nígbà tí omi fà ní Akosombo ní Ghana, tí kúràn wọ́n tí òkùnkùn sì kún ilé wa níbí. Kúràn kì í ṣe omi òjò.

N kò gbè sẹ́yìn àwọn tó ń ṣe tuntun o. Ẹ wo àtùpà kékeré tí a ń rà lọ́jà: wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kò sí ìṣó tí a lè tú. Bí bátìrì inú rẹ̀ bá kú, gbogbo rẹ̀ di ìdọ̀tí, ó di inú oko, àwọn ọmọ á sì máa fọ́ ọ ṣeré. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣàkẹ́tẹ́ lè pààrọ̀ bátìrì yẹn bí wọ́n bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin ti ní láti oṣù kejì 2027, ẹni tó ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìparí 2024, okùn kan náà ni fóònù tuntun gbogbo gbọ́dọ̀ máa lò níbẹ̀. Ohun tó tọ́ sí wọn tọ́ sí wa.

Àwọn kan á ní: "Tálákà ni wá, tuntun wọ́n." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a san fún oníṣòwò kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Ìyókù, oṣooṣù la ó máa san án. Nítorí pé a jẹ́ tálákà gan-an ni kò fi yẹ kí a ra ohun tó ń jẹun ju onílé lọ.

Ní kíláàsì wa, a ti ń kọ iye tí fírígò ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ sínú ìwé kan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀, kó wá wò ó kó tó wọ mọ́tò Kútọnu.