Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kàwé Sókè Nínú Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà ìsinmi, mo ka ìwé kan tó ń jẹ́ Inkheart. Cornelia Funke, ará Jámánì, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2003. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ń kàwé sókè, àwọn èèyàn inú ìwé á jáde wá. Ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀: bí àwọn kan ṣe ń jáde, ẹlòmíì lè wọlé. Ọjọ́ tí àwọn ìkà inú ìwé jáde ni ìyàwó rẹ̀ wọnú ìwé lọ.

Mo wá ń rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé tó bá jẹ́ èmi ni, ta ni màá pè jáde? Àkàrà-Ògùn ni, láti inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Màá kàn ṣọ́ra kí n má ka ibi tí Àgbákò wà o! Nínú ìwé yẹn, Àkàrà-Ògùn fúnra rẹ̀ ló wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú gègé àti ìwé kó máa kọ ìtàn òun. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èrò ti ń wá gbọ́ ọ. Ẹ ò rí i pé ẹnu ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà ní Minna gan-an. Odò Wuya nítòsí Bida, ní ìpínlẹ̀ Niger wa níbí, ni Fágúnwà kú sí lóṣù Kejìlá ọdún 1963. Ó bá omi lọ. Kò lè kàwé fún wa mọ́, àwa ló kù.

Àwọn kan máa ní ìwé kíkà sókè, ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, pé téèyàn bá dákẹ́ kà á, ó máa ń yá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ojú lè fo àmì ohùn kọjá, ẹnu ò lè fò ó.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ JSS 1 kan dìde kàwé nínú ìpàdé wa. Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa ló sì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ládùúgbò. Ohun tó wà lójú pátákó ni pé ìyá àgbẹ̀ kan gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ó kà á pé ìyá náà gbé ọkọ kọ́ èjìká. A rẹ́rìn-ín títí, tèmi ló pọ̀ jù. Látìgbà yẹn, kò wá sípàdé mọ́. Nínú Inkheart, ìwé kíkà ló gbé ìyàwó lọ. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹ̀rín ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa ya ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ ní gbogbo ìpàdé láti ka Ògbójú Ọdẹ sókè, ojú ewé kan fún ẹnì kan. Tẹ́nì kan bá ṣì í kà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́, kó sì máa kà á lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, àfi tí ìtàn fúnra rẹ̀ bá pa wá lẹ́rìn-ín. Èmi ni màá kọ́kọ́ kà, bẹ́ẹ̀ àmì ohùn ṣì máa ń dà mí láàmú.

Mo ti lọ bẹ ọmọ yẹn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn. Ó ní òun máa wá, tó bá jẹ́ pé òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ kà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sún fún un kó jókòó.