Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Irin

Àwọn àgbà ló ní kékeré ni abẹ́rẹ́ wà, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ ohun kékeré ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ọmọdé. Àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọ́n ń fi páálí, pákó, páànù àti ike ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, tí wọ́n ń kọ́ ilé, afárá àti ibùdókọ̀ kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí iṣẹ́ ọwọ́ yìí gbilẹ̀ láàárín wa, kí á sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ bí rélùwéè wa àtijọ́ ti rí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni kí á máa pè é? Ẹlòmíràn a ní "ọkọ̀ ìṣeré". N kò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ ìṣeré ni èyí tí a fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a so okùn mọ́, tí a ń wọ́ kiri àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó wọn ohunkóhun kí ó tó ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń wí, wíwò ni a kọ́kọ́ ń wò ó kí á tó ṣe é. Nítorí náà, àwòṣe ni mo ń pè é: wò àti ṣe, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà ni ìwọ̀n. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1:76 ni ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù; ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, 1:87 ni. Ìtumọ̀ 1:76 ni pé ohun tí ó gùn ní mítà 76 lójú ayé yóò gùn ní mítà kan péré lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Ìbú ojú irin gidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 1,435. Ti àwòṣe wọn jẹ́ mìlímítà 16.5. Bí ẹ bá fi 76 sọ ọ́ di púpọ̀, 1,254 ni ẹ óò rí. Ó dín! Ohun tí ó fà á ni pé ọkọ̀ wọn kéré ní ara, ẹ́ńjìnnì iná mànàmáná ayé ìgbà náà kò sì gba inú rẹ̀ ní ìwọ̀n 1:87. Wọ́n wá sọ ara ọkọ̀ di ńlá díẹ̀, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí ọkàn wọn kò gbà á ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ojú irin oní-mìlímítà 18.83.

Tiwa ń kọ́? Ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣí ní 1901, mìlímítà 1,067 ni ìbú rẹ̀. Bí a bá lo ìwọ̀n 1:64, ojú irin oní-16.5 kan náà tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yóò fún wa ní 1,056. Mìlímítà 11 péré ni ó fi dín! Ọgbọ́n yìí ni àwọn kan ń lò ní Queensland ní Ọsirélíà àti ní New Zealand, nítorí pé bí tiwa ni ìbú ojú irin tiwọn ṣe rí. Ohun tí ó jẹ́ irọ́ fún ẹni tí ó ni ín wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ fún wa.

Báwo ni mo ṣe dé ìdí rẹ̀? Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ra orí ọkọ̀ kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Kò lè rìn. Mo tú u. Mo rí i pé irun àti òwú ti wé mọ́ ọ̀pá àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdọ̀tí sì ti bo ara ẹsẹ̀ náà. Inú irin ni iná ti ń wọ ọkọ̀ náà, láti ara ẹsẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí i, iná kò ní ọ̀nà. Mo fi ẹ̀mú yọ irun, mo fi sípírítì nù ún, mo kán epo díẹ̀ sí i, díẹ̀ gan-an, nítorí pé epo àpọ̀jù a máa kó eruku jọ. Ó rìn! Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe rélùwéè.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo fi han bàbá mi. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò dúró sí?" Ìbéèrè yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdókọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo, ní ìwọ̀n 1:64.

Mo lọ síbẹ̀. Apá kan ilé náà ti wó, wọ́n sì ti kó páànù àti fèrèsé lọ. Mo fi téèpù wọn èyí tí ó kù, mo sì gbé igi tí mo mọ gígùn rẹ̀ ti ara ògiri kí n tó ya fọ́tò, kí fọ́tò náà lè di ìwọ̀n. Ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2.1 di mìlímítà 33 lórí tábìlì mi. Páálí ni mo fi ṣe ògiri. Fún òrùlé, mo tẹ bébà fàdákà tí a fi ń wé oúnjẹ mọ́ ara ohun tí ó ní ìlà-ìlà, ó sì gún régé bí páànù. Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ di ogbó: ọ̀dà pupa rúsúrúsú níbi tí ìṣó ti dípẹtà, erùpẹ̀ ibùdókọ̀ náà gan-an tí mo jọ̀ lára ìsàlẹ̀ ògiri. Mo kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa erùpẹ̀ náà, kí àwọn hóró tí ó ní irin nínú má baà wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòṣe tí kò ní àkísà kò tíì jọ ilé wa.

Ìgbà tí ó kan àwọ̀ fèrèsé ni ìjà dé. Bàbá mi ní àwọ̀ ewé ni. Àbúrò wọn kan níbi iṣẹ́ ní, "Rárá o, Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ ilẹ̀ ni." Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nínú iyàn náà ni mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n so àfọ́kù irin tí wọ́n ń lù bí agogo kọ́, ibi tí àwọn alájàpá ń kó ẹrù wọn sí, àti àga tí bàbá mi ń sùn lé bí ọkọ̀ bá pẹ́. Ọmọ ogójì ọdún ni mí nígbà náà, n kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ rí. Bí mo bá ní kí wọ́n "sọ ìtàn rélùwéè" fún mi, wọn ì bá sọ gbólóhùn mẹ́ta. Nítorí fèrèsé tí kò tó èékánná ni wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin.

Bàbá mi kú kí n tó dé ògiri ẹ̀yìn. Ògiri yẹn ni ó ti wó. N kò béèrè iye fèrèsé tí ó wà níbẹ̀, àbúrò wọn kò sì rántí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà fi méjì sí i, pé ta ni yóò mọ̀? Mo kọ̀. Páálí funfun ni mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀rí ni àwòṣe, ẹni tí yóò bá sì parọ́ nínú rẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ bí àwọn oní-16.5.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ àwọn òyìnbó tí kò rí nǹkan ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Roye England fún yín. Láti Ọsirélíà ni ó ti wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé àwọn ilé ahéré àtijọ́ ní Vale of White Horse ń pòórá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí ṣe àwòṣe wọn ní àwọn ọdún 1930. Iṣẹ́ yẹn ni ó di Pendon Museum ní Long Wittenham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954. Ṣé ẹni tí kò rí nǹkan ṣe nìyẹn? Ní tiwa, Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà ní Èkó, tí ìjọba ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Òótọ́ ni pé orí ọkọ̀ wọ́n lówó. Ṣùgbọ́n páálí, abẹ, rúlà àti gọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé, kí ọkọ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. N kò kórìíra tuntun: mo ti wọ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láti Èbúté Mẹ́ta dé Móníyà, ó sì tù mí lára. Ṣùgbọ́n ojú irin oní-1,435 ni ìyẹn. Oní-1,067 ni ó tọ́ mi dàgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tí ó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń wó lọ, ẹ mú téèpù, kí ẹ sì lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè àwọ̀ fèrèsé. Ẹ má ṣe gbàgbé ògiri ẹ̀yìn.

Ire o.